Ọwọ́ Tó Wà Létí Fọ́tò

Fọ́tò mẹ́rin ló wà nínú agolo bisikíìtì
tí màmá àgbà fi sábẹ́ ibùsùn n'Íjerò.
Ìpẹtà ti mú ìdérí rẹ̀, ọ̀bẹ la fi ṣí i.
Kòkòrò ti jẹ ojú ọ̀run nínú ọ̀kan,
ó jẹ ẹ́ títí dé orí òkè, ó wá dúró níbẹ̀,
bí ẹni pé òkúta le fún un.

Kì í ṣe èédú ni wọ́n ń wà níhìn-ín.
Èédú wà ní Ẹnúgu, níbi tí Fágbùàgun
ọmọ ìyá bàbá àgbà lọ, tó fi ikọ́ dúdú bọ̀ wálé.
Tiwa, yanrìn dúdú ni, ó ń dán bí ẹyinjú eku,
ẹ̀kúnwọ́ kan rẹ̀ wúwo ju ọmọ adìẹ mẹ́ta.
Kùsà là ń pè é.
Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe lókè òkun.

Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, òyìnbó kan jókòó láàárín,
àga rẹ̀ nìkan ni àga.
Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn fọ́tò, wọ́n kọ ti ajá rẹ̀,
wọ́n wá kọ ọ́ pé: lébìrà, mọ́kànlélógójì.
Mo kà wọ́n. Méjìlélógójì ni wọ́n.
Bóyá ọmọ tó gbé korobá omi dání
kò sí nínú ìwé owó oṣù.

Àwọn obìnrin wà nínú odò,
omi dé orúnkún, igbá ń yí lọ́wọ́ wọn,
kí yanrìn funfun lè lọ, kí dúdú kù.
Kò sẹ́ni tó wo kámẹ́rà àfi Àwẹ̀ró,
ó rẹ́rìn-ín débi pé ojú rẹ̀ di méjì.
Òjìji ayàwòrán gùn wọ inú omi:
ó ní ẹsẹ̀ márùn-ún.

Ogún ilé kọ́ńpìnnì, onípáànù, lórí ìlà kan,
ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kan, ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kan.
Láìnì ni màmá àgbà ń pè é; kò pè é ní ulé rí.
Ó ní lálẹ́ ọjọ́ owó, àwọn ọkùnrin a máa ṣìlé wọ̀,
ìdí nìyẹn tí òun fi so àkísà pupa mọ́ ilẹ̀kùn.
Mo wá àkísà náà. Fọ́tò ò mọ pupa.
Àkísà mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló dúdú.

Ẹ̀kẹrin ni tiwa.
Kòtò, àkàsọ̀, ọkùnrin tí ẹrẹ̀ bò bí ògiri tuntun.
Létí ọ̀tún, níbi tí bébà ti parí,
ọwọ́ kan di ṣọ́bìrì mú. Ìka mẹ́rin.
Ara tó ni ọwọ́ náà kò wọ fọ́tò.
"Bàbá yín nìyẹn," ni màmá àgbà máa ń wí,
a sì ń kí i, lọ́jọ́ Kérésì, láàárọ̀ ìdánwò;
èmi gan-an ti fi èsì Wáẹ́ẹ̀kì mi hàn án.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Fáṣuyì ẹ̀gbọ́n bàbá mi
nu awò ojú rẹ̀, ó ka pẹ́ńsù tó wà lẹ́yìn.
"Ọdún tí wọ́n bí mi ni òkúta gé ìka bàbá mi,
ọdún méjì gbáko sì ni fọ́tò yìí fi ṣáájú mi.
Ìka wọn ṣì pé nígbà yìí."

Màmá àgbà ń bó ẹ̀gúsí. Ó bó mẹ́ta, ó bó mẹ́rin.
"Ẹni yẹn náà," ó ní,
"kò kúkú lẹ́ni tó ń kí i."

Mo lọ síbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ló wà lójú láìnì,
kòtò ti di adágún, ọmọ ewúrẹ́ kan ń mu níbẹ̀.
Mo fi fọ́ònù ya fọ́tò kan, mo gbé e wálé.
Màmá àgbà gbé e súnmọ́ ojú,
ó kọjá omi, ó kọjá ewúrẹ́,
ó fi èékánná kan igun ìsàlẹ̀,
níbi tí àtàǹpàkò mi ti yọjú, pupa, láìmọ̀:
"Ta ló nìyí?"